Ìyà Ẹ̀ṣẹ̀ Kékeré Yẹ Kí Ó Ní Òpin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó tilẹ̀ da àrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò pa á láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe fún ọmọ, kí ó tó na ọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, àti pé bí ó bá bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ kì í yá. Gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀, kò sí ẹni tí yóò bá òwe náà jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń kọ mí lóminú. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń kìlọ̀ fún ọmọ kí ó má ba à ṣẹ̀, a ti sọ ọ́ di ìdájọ́ tí a ń dá fún un lẹ́yìn tí ó ti ṣẹ̀, tí ó sì ti jìyà tán. Bí ọ̀dọ́ kan bá ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, tí adájọ́ dá ìyà tí ó tọ́ fún un, tí ó sì jẹ ìyà náà títí ó fi parí, ó ha yẹ kí a tún máa fi ẹ̀ṣẹ̀ náà dí ọ̀nà iṣẹ́ mọ́ ọn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀? Èrò tèmi ni pé kò yẹ, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì pè é ní Lágbájá, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ ní ìlú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò sì ní iṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, ní inú ọjà, ó rí fóònù kan lórí àtẹ. Ẹni tí ó ni ín kọ ẹ̀yìn sí i, Lágbájá sì na ọwọ́. Kò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà ọjà tí wọ́n fi mú un. Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ọlọ́pàá sì gbé e lọ sí kóòtù. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi, ó ní òun jẹ̀bi, ó sì bẹ̀bẹ̀. Adájọ́ wò ó pé ọ̀dọ́ ni, pé kò ṣẹ̀ rí, àti pé ohun tí ó jí ti padà sí ọwọ́ olóhun. Ó ní kí ó máa gbá ọgbà kóòtù ní òròòwúrọ̀ fún oṣù kan. Lágbájá gbá ọgbà náà títí oṣù fi pé. Ní ojú òfin, ẹjọ́ parí.

Ọdún márùn-ún kọjá. Lágbájá ti kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ó ti gba òmìnira, kò sì sí ẹni tí ó tún gbọ́ pé ó fi ọwọ́ kan ohun olóhun mọ́. Ó gbọ́ pé iléeṣẹ́ kan ń wá oníṣẹ́ iná, ó sì lọ gba ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó kọ iṣẹ́ tí ó kọ́. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó bá ìbéèrè kan pàdé: “Ǹjẹ́ ilé-ẹjọ́ ti dá ọ lẹ́bi rí?” Ìbéèrè náà kò béèrè pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni, kò béèrè pé ọdún wo ni, kò sì béèrè ohun tí ó ti ṣe láti ìgbà náà wá. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó fẹ́ gbọ́.

Ọ̀nà méjì péré ni ó wà níwájú Lágbájá. Bí ó bá sọ òtítọ́, ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé tí ó gba ìwé náà fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan láì fi han ọ̀gá rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ń wá iṣẹ́ náà pọ̀, ohun tí akọ̀wé sì ń wá ni ìdí tí yóò fi dín wọn kù. Bí ó bá purọ́, ó lè rí iṣẹ́ náà gbà, ṣùgbọ́n kò ní lè sùn dáadáa. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọjọ́ tí òtítọ́ bá bá a, wọn kì yóò lé e nítorí fóònù tí ó jí ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, bí kò ṣe nítorí irọ́ tí ó pa ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sì ní rí ohun kan fi gbèjà ara rẹ̀. Ẹ wo ohun tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ó ń tì olódodo sẹ́yìn, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún òpùrọ́. Agbanisíṣẹ́ tí ó rò pé òun ń fi ìbéèrè náà ṣọ́ ilé òun kò mọ̀ pé àwọn tí ó ń sọ òtítọ́ gan-an ni òun ń lé lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń rí ẹ̀ṣẹ̀ ọdún márùn-ún sẹ́yìn kà. Ó dára kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ bí ó ti rí. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 pàṣẹ pé kí àwọn ọlọ́pàá ní ibi ìkó-àkọsílẹ̀-jọ kan fún ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀daràn ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, àti pé kí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ 30 tí adájọ́ bá ti dá a. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rìnrìn-àjò lọ gbé ní ilẹ̀ òkèèrè, tàbí tí agbanisíṣẹ́ kan bá béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, yóò lọ tẹ ìka rẹ̀ ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá, irú èyí tí ó wà ní Alágbọn ní Ìkòyí ní ìlú Èkó, kí wọ́n lè wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀. N kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Ìlú tí kò bá kọ ẹjọ́ sílẹ̀ kò lè mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí ẹni tí ó ṣẹ̀ nígbà mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kejì wà, òun ni ó sì le jù. Èyí tí a kọ sí ẹnu ènìyàn ni mo ń wí. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni kò ṣeé gbà láìsí onígbọ̀wọ́. Agbanisíṣẹ́ lè má lọ sí Alágbọn rárá, ṣùgbọ́n yóò ní kí ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ mú ènìyàn méjì wá, olùkọ́, àlùfáà, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, tí yóò fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn mọ̀ ọ́n ní ọmọlúàbí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àdúgbò ti ń jáde. Ẹni kan yóò ní, “Ṣé kì í ṣe ọmọ tí wọ́n gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́sí nìyẹn?” Ẹni kejì yóò ní òun kò fẹ́ kó ọ̀rọ̀ ọlọ́ràn sí ọrùn ara òun. Àkọsílẹ̀ ìjọba ní ọjọ́, ó ní orúkọ ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ní ìyà tí adájọ́ dá. Àkọsílẹ̀ ẹnu kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Fóònù kan tí ọmọ jí ní ọjà lè di fóònù mẹ́wàá kí ọ̀rọ̀ tó dé òpin àdúgbò.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ó má ba à dà bí ẹni pé ẹlòmíràn nìkan ni mo ń bá wí. Àwa olùkọ́ wà lára àwọn tí a ń tọ̀ wá fún ìgbọ̀wọ́. Ní ìgbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo ti kọ́ rí mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá sí ilé mi. Mo ti gbọ́ pé ó fi ọ̀rọ̀ ìjà kan lọ sí kóòtù, pé ó sì ti san owó ìtanràn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. N kò rí ìwà burúkú kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọdún tí ó fi jókòó sí iwájú mi. Síbẹ̀ mo ní kí ó padà wá ní ọ̀la. Ó padà wá, mo tún ní kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Ó tún wá, mo ní mo ń kánjú. Kò wá mọ́. N kò sọ fún un pé n kò ní fi ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ṣe, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Adájọ́ bu owó fún un, ó san án. Èmi tí n kì í ṣe adájọ́, mo bu ìyà tèmi lé e. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò ní ọkàn mi, ó sì wà lára ohun tí ó mú mi kọ àròkọ yìí.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a ya àwọn ohun kan sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ra. Kí ọlọ́pàá mú ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kí ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, sọ pé aláìjẹ̀bi ni a ó ka ẹnikẹ́ni tí a fi ẹ̀sùn kàn sí títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé ó jẹ̀bi. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n mú tí wọ́n sì tú sílẹ̀, tàbí ẹni tí adájọ́ dá láre, kì í purọ́ bí ó bá kọ ọ́ pé ilé-ẹjọ́ kò dá òun lẹ́bi rí. Bákan náà ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà sì ti ṣe irú rẹ̀, ya ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sọ́tọ̀. Òfin náà kò fẹ́ kí a pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹni tí a dá lẹ́bi bí a ti ń pe àgbàlagbà, ó sì pàṣẹ pé kí àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ìpamọ́, kí ẹni tí kò kàn má ṣe rí i. Àwọn tí ó ṣe òfin náà mọ̀ pé orí ọmọdé kò tíì gbó.

Ẹ sì tún wo irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ọ̀dọ́ dé kóòtù. Lágbájá jalè, a kò lè sọ pé kò jalè. Ṣùgbọ́n ní ìlú Èkó, Tàmẹ̀dò tí ó ń gbé omi tútù àti ìpékeré lé orí sáré tẹ̀lé ọkọ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́ bákan náà. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2003 ka ọjà títà ní òpópónà léèwọ̀, nígbà tí ìjọba sì tún tẹnu mọ́ ọn ní ọdún 2016, wọ́n kéde pé ìtanràn ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni ìyà rẹ̀. N kò wí pé kí a má pa òfin mọ́. Ewu wà nínú kí ọmọ máa sáré láàárín ọkọ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ìbéèrè tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé iṣẹ́ kò ya Tàmẹ̀dò tí ó ta omi sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó fi ìbọn já ilé onílé. Ìdáhùn kan náà ni àwọn méjèèjì yóò kọ.

N kò gbàgbé pé agbanisíṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó fi làálàá kó owó jọ, tí ó fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè irú ènìyàn tí ó jẹ́. Bí ilé-ẹjọ́ bá ti dá awakọ̀ kan lẹ́bi léraléra nítorí ìwàkuwà ọkọ̀, kò sí òbí tí yóò fẹ́ kí ó máa wa ọkọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá ti hùwà ìkà sí ọmọdé, kò yẹ kí ó sún mọ́ ibi tí ọmọdé wà, bí ó tilẹ̀ pé ogún ọdún. Mo gba gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ọrùn ẹni ni ó ń wò. Kí a wo ẹ̀ṣẹ̀, kí a wo iṣẹ́, kí a wo iye ọdún tí ó ti kọjá, kí a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó ṣẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí kò sì fi àyè sílẹ̀ fún àlàyé, kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan kí ó tó dá a.

Ohun kan wà nínú Òfin Ìpìlẹ̀ wa tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ní abala 137, òfin náà sọ pé ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá ti dá lẹ́bi fún ẹ̀ṣẹ̀ àbòsí, tí ó sì dá ìyà fún un, kò lè díje fún ipò Ààrẹ bí kò bá tíì tó ọdún mẹ́wàá sí ọjọ́ ìdìbò. Ìtumọ̀ èyí ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹ̀ṣẹ̀ náà kò dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ó lè jáde, ó sì lè béèrè pé kí a fi gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà lé òun lọ́wọ́. Bí àwọn tí ó kọ òfin bá rí i pé ó yẹ kí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ń wá ipò Ààrẹ ní òpin, kí ni ó dé tí ti ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ iná mànàmáná kò fi ní òpin? Ṣé owó oṣù oníṣẹ́ iná ni ó wá tóbi ju ìṣúra ìlú lọ ni?

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ro ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, wọ́n ṣe òfin kan ní ọdún 1974 tí ó fi gbèdéke ọdún sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí gbèdéke náà bá pé tí ẹni náà kò sì tún ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà ti parí, kò sì sí ọ̀ranyàn fún un láti dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́. Lónìí, bí ó bá jẹ́ owó ìtanràn ni adájọ́ bù fún àgbàlagbà, oṣù 12 ni gbèdéke rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, oṣù mẹ́fà ni. Wọ́n yọ àwọn iṣẹ́ kan sílẹ̀, irú bí ìtọ́jú ọmọdé àti ti aláìsàn, níbi tí ìbéèrè ti gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, Ìpínlẹ̀ Hawaii ṣe òfin ní ọdún 1998 pé kí agbanisíṣẹ́ má ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ títí yóò fi yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà wò, tí yóò sì ti sọ pé òun fẹ́ gbà á. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó ti tẹ̀lé wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fẹ́ràn olè jù wá lọ. Wọ́n kàn rí i pé ẹni tí a kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ kò ní ṣàì jẹun.

Ní ilẹ̀ wa náà, a ti gbé ẹsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n èkejì kò tíì tẹ̀lé e. Òfin ti ọdún 2015 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fún adájọ́ ní agbára láti fi iṣẹ́ ìlú rọ́pò ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí ó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, kí ó má ba à lọ kọ́ ìwà burúkú lọ́dọ̀ àwọn ògbólógbòó ọ̀daràn. Òfin ti ọdún 2019, tí ó yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà, sọ pé ẹlẹ́wọ̀n tí ó bá hùwà rere yóò gba ìwé ẹ̀rí ìwà rere ní ọjọ́ tí ó bá ń jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀wọ̀n tí ó ti ṣe yà á sọ́tọ̀. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: Lágbájá kò dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kéré ni adájọ́ ṣe ní kí ó gbálẹ̀. Ta ni yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí? Ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi lè rí ìwé mú jáde, ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kéré a sì jáde ní ọwọ́ òfo. Ó kù kí a ṣe òfin tí yóò fi gbèdéke sí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré fún gbogbo ẹni tí ó ń wá iṣẹ́.

Bí a kò bá ṣe é, kì í ṣe Lágbájá nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Àwọn ènìyàn kan wà ní ìlú tí kì í béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá iṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wọn. Wọn kì í béèrè onígbọ̀wọ́, wọn kì í sì í béèrè bóyá ilé-ẹjọ́ ti dá ènìyàn lẹ́bi rí. Àwọn ni ọ̀gá àwọn jàgùdà. Ilẹ̀kùn tiwọn kì í tì ní ọ̀sán, kì í tì ní òru. Ní gbogbo ìgbà tí a bá lé ọ̀dọ́ kan tí ó ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tán kúrò ní ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ wa, ẹnu ọ̀nà tiwọn ni a ń darí rẹ̀ sí. Nígbà tí ó bá sì padà wá já ilé wa, a ó pa òwe aṣọ àrán, a ó ní, “Ẹ kò rí i bí? Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

Kí ni kí a wá ṣe? Kí ìjọba fi gbèdéke sí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìpìlẹ̀ ti fi sí ti olóṣèlú. Kí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, lẹ́yìn náà kí ó wá béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó bá kan iṣẹ́ náà nìkan, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àlàyé. Kí àwa tí a jẹ́ onígbọ̀wọ́ máa kọ òtítọ́ tí a mọ̀: pé ọmọ yìí ṣẹ̀ ní ọdún báyìí, pé ó ti jìyà rẹ̀, àti pé láti ìgbà náà a kò rí ìbàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò ju èyí tí ó pe gbogbo ènìyàn ní áńgẹ́lì lọ. Kí àwọn ará àdúgbò sì ṣọ́ ẹnu wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣe sọ pé nítorí olùkọ́ gbèjà ẹni tí ó ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kò ní nǹkan ṣe. Ìṣẹ́jú kan ni Lágbájá fi na ọwọ́ sí fóònù, ẹ sì ti rí iye ọdún tí ó ti ń fi sá kiri nítorí rẹ̀. Títí a ó fi tún òfin ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ayé rí. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín, ẹ ṣọ́ ẹgbẹ́ tí ẹ ń kó, ẹ má sì tẹ̀lé ìbínú. Bí ọlọ́pàá bá mú ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ó ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀, kí ó béèrè fún agbẹjọ́rò, kí ó má sì sọ pé òun jẹ̀bi ohun tí kò ṣe nítorí pé ó fẹ́ tètè dé ilé. Ọ̀rọ̀ tí a fi ìkánjú sọ ní ọjọ́ kan níwájú adájọ́ lè wà nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹnìkan bá sì ti ṣẹ̀ nínú yín, tí wọ́n sì bi í léèrè, kí ó sọ òtítọ́, kí ó sọ ohun tí ó ti ṣe láti ìgbà náà, kí ó má sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn kan tí a tì mọ́ ọn dá a dúró. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni.

Mo fi òwe kan bẹ̀rẹ̀, n ó sì fi òmíràn parí, nítorí pé àwọn àgbà tí ó pa ti ìṣáájú náà ni ó pa ti ìkẹyìn yìí. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Àwọn àgbà kò sọ pé kí a má na ọmọ tí ó ṣẹ̀. Adájọ́ ti na Lágbájá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó kù, kò sì sí ní ọwọ́ adájọ́ mọ́. Ó wà ní ọwọ́ agbanisíṣẹ́, ní ọwọ́ aládùúgbò, àti ní ọwọ́ olùkọ́ tí ọmọ mú ìwé ìgbọ̀wọ́ wá sí ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí kò sì yẹ kí ó sọ fún un pé kí ó padà wá ní ọ̀la.